Àwọn Teenagers ti Harlem: ọmọ àdúgbò márùn-ún, orin kan, àti ogójì ọdún ìjà lórí ẹni tó ni ín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́njú mọ rédíò nígbà tí àwo ńlá ṣì ń yí lórí ẹ̀rọ, ẹ ó rántí Why Do Fools Fall in Love tí Diana Ross kọ lọ́dún 1981. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé òun ló ni orin yẹn. Òun kọ́. Ọdún 1956 ni orin náà kọ́kọ́ jáde, ọmọ ilé ìwé márùn-ún láti àdúgbò kan náà lápá òkè Harlem, nílùú New York, ló sì kọ ọ́. Ọmọ ọdún 13 ni èyí tó ń lé orin láàárín wọn.

The Teenagers lorúkọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn márààrún kò lò ju nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀ lọ pa pọ̀ lẹ́yìn tí àwo wọn jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ni orin wọn gba ogójì ọdún, ó gbé wọn dé ilé ẹjọ́, ó sì parí síbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò. A fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn ọmọ wa tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé kéú àti níbi ayẹyẹ ọdọọdún ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá pọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ tí a wà. Láyé ìsinsìnyí, fóònù kan ti tó láti gba orin sílẹ̀ kó sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé.

Ká tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀. Lédè wa, tí a bá béèrè pé "ta ló kọ orin yìí?", ó lè jẹ́ ẹni tó fi ẹnu kọ ọ́ là ń béèrè, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ronú rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún méjèèjì. Nídìí iṣẹ́ àwo orin, àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹnì kan náà, owó wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan. Àárín méjèèjì yìí gan-an ni àwọn ọmọ Harlem yẹn há sí. Nítorí náà, nínú àlàyé wa, tí a bá ní "kọ", fífi ẹnu kọ ọ́ là ń wí. Tí a bá ní "ṣẹ̀dá", ríronú rẹ̀ jáde là ń wí.

Irú orin wo ni doo-wop?

Doo-wop jẹ́ orin ẹnu. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ẹnì kan á máa lé e, àwọn yòókù á máa gbè é. Ṣùgbọ́n ègbè tiwọn kì í ṣe kí gbogbo ẹnu máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Olúkúlùkù ló ní ipò ohùn tiẹ̀. Béèsì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ń dún bíi gìtá ńlá tí wọ́n ń gbé nàró. Ohùn àárín, tí wọ́n ń pè ní baritone, ló tẹ̀ lé e. Tẹ́nọ̀ wà lókè ìyẹn, ẹni tó ń lé orin á sì wá gun orí gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti wà nínú kúáyà rí mọ ohun tí à ń sọ.

Àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ orin yìí kò lówó tí wọ́n lè fi ra ohun èlò. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe ìlù, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe fèrè. Ìdí nìyẹn tí ègbè wọn fi kún fún ìró tí kò nítumọ̀ kankan, tó kàn ń dún bí irinṣẹ́ tí wọn ò ní. Orí kọ̀rọ̀ àdúgbò ni wọ́n ti ń kọ ọ́, àti nídìí àtẹ̀gùn ilé alájà, nínú ilé ìwẹ̀ ilé ìwé, àti ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ibi tí ògiri bá le, tí ohùn á ti máa dún padà, ni wọ́n máa ń wá, torí ògiri yẹn ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn tiwọn. Orúkọ náà, doo-wop, ẹ̀yìn ìgbà tí orin ọ̀hún ti gbòde tán ló tó dé. Lásìkò tí à ń sọ yìí, rhythm and blues ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún 1954, orin méjì ló ṣí ojú àwọn oníṣòwò. Àwọn Chords, ọmọ Bronx ní New York níbẹ̀, gbé Sh-Boom jáde. Àwọn Penguins láti Los Angeles gbé Earth Angel jáde. Méjèèjì tà wàràwàrà, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó náà sì ń rà wọ́n. Bí ilé iṣẹ́ àwo kéékèèké ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ kiri àdúgbò nìyẹn. Ẹ wo ìdí tó fi wù wọ́n: àwọn ọmọ náà ti mọ orin wọn dunjú kí wọ́n tó dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mú orin tiwọn wá, wọn ò ní lọ́yà, àwọn òbí wọn ò sì mọ nǹkan kan nípa ìwé àdéhùn. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ló ṣe àwo kan tàbí méjì, tí a ò gbúròó wọn mọ́.

Àdúgbò àwọn tó ti ibòmíì wá

Àdúgbò tí àwọn Teenagers ti jáde jẹ́ Washington Heights àti Sugar Hill, lápá òkè Harlem. Ilé ìwé Edward W. Stitt Junior High ni wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó wà níbẹ̀, ibòmíì ni wọ́n ti ṣí wá. Láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1970, èèyàn dúdú bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ló kúrò ní apá gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àwọn ìlú ńlá tó wà lápá àríwá àti ìwọ̀ oòrùn, wọ́n ń sá fún òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n sì ń wá iṣẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Puerto Rico náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ New York. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ nílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́ ọmọ ní Sábọ́n Gàrí tàbí ní àdúgbò tó jọ ọ́ mọ bó ṣe máa ń rí. Òbí kọ̀ọ̀kan mú èdè àti oúnjẹ tiẹ̀ wá láti ilé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ pàdé níta, wọ́n sì rí nǹkan tó jẹ́ ti gbogbo wọn. Ní Washington Heights, orin ni nǹkan yẹn. Nínú àwọn Teenagers, mẹ́ta jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú: Jimmy Merchant, Sherman Garnes àti Frankie Lymon. Méjì jẹ́ ọmọ Puerto Rico: Herman Santiago àti Joe Negroni.

Garnes àti Merchant ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà nílé ìwé. Earth Angels ni wọ́n kọ́kọ́ pe ara wọn, nítorí orin àwọn Penguins tó ń jà nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí Santiago àti Negroni ládùúgbò. Wọ́n pààrọ̀ orúkọ títí: Coupe de Villes, Ermines, Premiers. Garnes ló ń mú béèsì, ọmọkùnrin gíga gbọnran ni. Negroni wà láàárín, Merchant ń mú tẹ́nọ̀, Santiago ló sì ń lé orin.

Frankie Lymon ló dé kẹ́yìn, òun ló sì kéré jù. Ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1942 ni wọ́n bí i. Awakọ̀ ńlá ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń bá àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ ilé. Àwọn òbí rẹ̀ ń kọ orin ẹ̀mí nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Harlemaires, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun àbúrò rẹ̀ sì ń kọrin nínú ti àwọn ọmọdé. Ohùn rẹ̀ ò tíì fọ́, ohùn ọmọdé tó ga réte ni. Kò sí bí ẹni tó gbọ́ ọ ò ṣe ní yíjú padà.

Bí wọ́n ṣe rí orin náà

Ìtàn tí àwọn ẹgbẹ́ náà fúnra wọn ń sọ nìyí. Ọkùnrin kan tó ń gbé nínú ilé kan ládùúgbò, tó sì máa ń gbọ́ orin wọn, kó àwọn lẹ́tà ìfẹ́ tí obìnrin kan kọ sí i fún wọn, ó ní kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n á rí nǹkan mú níbẹ̀. Santiago àti Merchant ló mú ọ̀rọ̀ inú ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà yẹn, tí wọ́n sọ ọ́ di orin. Nígbà tí Lymon dé, ó fi ọwọ́ tiẹ̀ kún un. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà wá síbẹ̀.

Richard Barrett, tó ń lé orin fún ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Valentines, gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin ládùúgbò. Ẹgbẹ́ tiẹ̀ ń ṣe àwo fún George Goldner, ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ àwo Tico, Rama àti Gee. Barrett mú àwọn ọmọ náà lọ bá a ní ìparí ọdún 1955. Ìtàn tó gbilẹ̀ jù ni pé ohùn Santiago ò dá ṣáṣá lọ́jọ́ náà, tí wọ́n bá ní kí ọmọ kékeré wọn lé orin dípò rẹ̀. Ohun yòówù kó fà á, nígbà tí wọ́n fi máa gba orin náà sílẹ̀, Lymon ló wà níwájú, Santiago ti bọ́ sínú ègbè.

Béèsì Garnes ló ṣí orin náà, òun nìkan, kí àwọn yòókù tó wọlé. Jimmy Wright àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lu ohun èlò sí i, saxophone rẹ̀ sì gba ojú orin kan ní àárín. Wọ́n ní Wright yìí náà ló sọ pé kí wọ́n máa jẹ́ the Teenagers, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí, ọ̀dọ́langba ni gbogbo wọn. Oṣù Kìíní ọdún 1956 ni Gee gbé e jáde.

Ọdún kan àtààbọ̀

Orin náà gba ìgboro. Ó dé ipò kìíní láàárín àwọn orin rhythm and blues ní Amẹ́ríkà, ó dé ipò kẹfà láàárín gbogbo orin ìgbàlódé lórílẹ̀-èdè náà. Ní Oṣù Keje ọdún yẹn, ó wà ní ipò kìíní ní Bìrìtìkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣì ń kọrin nídìí àtẹ̀gùn.

I Want You to Be My Girl ló tẹ̀ lé e, ó dé ipò 13. Lẹ́yìn rẹ̀ ni I Promise to Remember àti The ABC's of Love. Wọ́n fara hàn nínú fíìmù Rock, Rock, Rock! lọ́dún 1956 kan náà. Wọ́n ń rin ìrìn àjò orin káàkiri Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn olórin tó dàgbà jù wọ́n lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957 wọ́n dé Bìrìtìkó, wọ́n sì kọrin ní London Palladium, gbọ̀ngàn tí àwọn ògbóǹkangí olórin ń fẹ́ dé.

Àwọn ọmọdé mìíràn náà rí wọn. Ronnie Spector, tó di gbajúmọ̀ olórin lẹ́yìn náà, sọ pé ohùn Lymon ló jẹ́ kí òun fẹ́ kọrin. Lewis, àbúrò Lymon, dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, Teenchords. Barrett lọ rí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé kan ní Bronx, àwọn náà di Chantels.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà nínú ilé. Lára àwo àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n kọ ni pé The Teenagers, Frankie Lymon sì wà pẹ̀lú wọn. Kò pẹ́ tó fi di Frankie Lymon and the Teenagers. Ilé iṣẹ́ àwo ti pinnu pé ọmọ kékeré náà ni ọjà. Nígbà tí wọ́n wà lókè òkun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Goody Goody, tó jáde lọ́dún 1957 lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́, àwọn mẹ́rin yòókù ò sí nínú rẹ̀. Àwọn elégbè mìíràn ni wọ́n háyà. Kí ọdún náà tó parí, Lymon ti dá dúró.

Ní Oṣù Keje ọdún 1957, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Lymon wà nínú ètò The Big Beat tí Alan Freed ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ABC. Ojú gbogbo ayé ló ti bá ọmọbìnrin òyìnbó kan jó. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní gúúsù bínú gidigidi, ètò náà ò sì pẹ́ tó fi kúrò lórí afẹ́fẹ́. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà yẹn.

Ohùn tó gbé e dé òkè kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ohùn ọmọkùnrin á fọ́ dandan. Tiẹ̀ fọ́, àwo rẹ̀ ò sì tà mọ́. Heroin ti wọ̀ ọ́ lára láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Lọ́dún 1961 wọ́n gbé e lọ gba ìtọ́jú, kò dúró. Lọ́dún 1966 wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tó ti fẹ́ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Emira Eagle. Ó padà sí New York ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968 láti tún ṣe àwo. Ọjọ́ 27 Oṣù Kejì ni wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Harlem. Heroin ló pa á. Ọmọ ọdún 25 ni.

Àwọn mẹ́rin yòókù ti gbìyànjú láti rí ẹlòmíì tó máa lé orin, kò bọ́ sí i. Wọ́n túká. Garnes kú lọ́dún 1977, Negroni kú lọ́dún 1978. Ó wá ku Merchant àti Santiago.

Níbo lowó ń gbà wọlé?

Ibi tí a fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ rèé. Tí àwo bá tà, owó méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu. Iye tí ìyẹn bá jẹ́, inú ìwé àdéhùn òun àti ilé iṣẹ́ ló wà, ilé iṣẹ́ sì máa kọ́kọ́ yọ owó sitúdíò, owó àwọn tó lu ohun èlò, owó aṣọ àti owó ọkọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé, lẹ́yìn ìṣirò, gbèsè ni wọ́n ní.

Ìkejì ni ti ẹni tó ṣẹ̀dá orin. Ìyẹn, òfin ló gbé e kalẹ̀. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ọdún 1909, sẹ́ńtì 2 ni owó orí orin kan lórí àwo kọ̀ọ̀kan, iye yẹn ò sì yí padà títí di ọdún 1978. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ: tí àwo mílíọ̀nù kan bá tà, ẹgbẹ̀rún 20 dọ́là nìyẹn, tí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó orin náà máa pín. Kò tán síbẹ̀. Nígbàkígbà tí rédíò Amẹ́ríkà bá lo orin náà, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu kì í gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Tí olórin mìíràn bá sì tún un kọ lẹ́yìn ọdún 25, bí Diana Ross ṣe ṣe, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ nìkan lowó ń bá.

Ṣé ẹ ti rí ìdí tí orúkọ inú àkámọ́ kékeré lábẹ́ àkọlé orin fi ṣe pàtàkì? Lára àwọn àwo tó kọ́kọ́ jáde, orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Lymon, Santiago, Goldner. Goldner ni ọ̀gá ilé iṣẹ́. Fífi orúkọ ọ̀gá sórí orin tí ọmọdé ṣẹ̀dá wọ́pọ̀ nígbà náà. Kò pẹ́ tí orúkọ Santiago fi pòórá, ó ku Lymon àti Goldner. Ti Merchant ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Goldner fẹ́ràn tẹ́tẹ́ ẹlẹ́ṣin, gbèsè sì ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lọ́dún 1957 ó ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún Morris Levy, ọ̀gá Roulette Records. Bó ṣe di pé orúkọ Levy bọ́ sípò Goldner nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá Lymon ṣẹ̀dá orin tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é.

Opó mẹ́ta

Àwo Diana Ross dé ipò keje ní Amẹ́ríkà, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní tòótọ́. Nígbà náà ni obìnrin mẹ́ta jáde, olúkúlùkù ní òun ni ìyàwó Lymon: Elizabeth Waters, Zola Taylor tó ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin Platters, àti Emira Eagle.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún lásán. Òfin ọdún 1909 yẹn sọ pé ọdún 28 ni ẹ̀tọ́ orí orin máa kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún un ṣe. Tí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ bá ti kú kí àkókò àtúnṣe tó dé, opó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni àtúnṣe náà. Orin tó jáde lọ́dún 1956, ọdún 1984 ni àkókò rẹ̀ pé. Lymon ti kú. Nítorí náà, ẹni tí ilé ẹjọ́ bá pè ní opó ló máa ni apá Lymon nínú orin náà láti ìgbà yẹn lọ. Lymon ò sì kọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Ilé ẹjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ dá Waters láre, ṣùgbọ́n nígbà tó dé òkè, Emira Eagle ni wọ́n dá láre. Fíìmù tí wọ́n ṣe lórí ìjà yìí jáde lọ́dún 1998, orúkọ orin náà ni wọ́n fún un.

Ọdún mẹ́ta péré

Nígbà tí àwọn opó ń jà, àwọn méjì tó ní àwọn ló ṣẹ̀dá orin náà ṣì wà láàyè. Lọ́dún 1987, Merchant àti Santiago gbé ẹjọ́ tiwọn lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní New York. Wọ́n ní ọmọdé làwọn nígbà yẹn, àwọn ò mọ̀fin. Wọ́n ní nígbà tí àwọn dàgbà tí àwọn sì béèrè, ìbẹ̀rù Levy ò jẹ́ kí àwọn lè sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani ni Levy lóòótọ́: lọ́dún 1988 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi nínú ẹjọ́ ìhalẹ̀gbowó kan tó yàtọ̀ sí èyí, ó sì kú lọ́dún 1990 kó tó dé ẹ̀wọ̀n.

Lọ́dún 1992, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà gbà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní Merchant, Santiago àti Lymon ló ṣẹ̀dá orin náà. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ tán. Lọ́dún 1993, wọ́n tún kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sínú Rock and Roll Hall of Fame.

Ṣùgbọ́n àwọn alátakò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Lọ́dún 1996, ilé ẹjọ́ náà yí ìdájọ́ padà. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ dáadáa. Wọn ò sọ pé irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa. Wọn ò sọ pé Levy ló ṣẹ̀dá orin. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin fún ẹni tó bá ní òun jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ṣẹ̀dá iṣẹ́ kan ní ọdún mẹ́ta láti pe ẹjọ́, láti ìgbà tó ti mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀ pé wọ́n yọ òun sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ ti lọ. Bí ẹ bá wo ìwé lónìí, Frankie Lymon àti Morris Levy ni ẹ máa rí gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣẹ̀dá Why Do Fools Fall in Love.

Kí la rí mú níbẹ̀?

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn oògùn olóró, àwọn míì bí ìtàn opó mẹ́ta. Méjèèjì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní tiwa, ohun tó dùn wá jù ni pé ìgbìmọ̀ kan jókòó, wọ́n gbọ́ tẹnu gbogbo èèyàn, wọ́n ní òótọ́ ni àwọn ọmọ yìí ń sọ, òótọ́ náà ò sì wúlò mọ́. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Nídìí ọ̀rọ̀ orin, òótọ́ gbọ́dọ̀ tètè dé, kó sì mú ìwé dání.

Lórílẹ̀-èdè wa níbí, òfin Copyright Act ti ọdún 2022 ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Ó fún ẹni tó ṣẹ̀dá orin ní ẹ̀tọ́ lójú ẹsẹ̀ tó bá ti wà nínú àkọsílẹ̀ tàbí tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Kò dìgbà tó bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀tọ́ náà wà títí ayé rẹ̀ àti ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ Nigerian Copyright Commission máa ń gba ìfitónilétí iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ̀rí bàa lè wà pé ọjọ́ báyìí lẹ ní ẹ ni ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin òbí, nǹkan mẹ́ta péré ni. Ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá parí orin tuntun, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló mú ọ̀rọ̀ wá, ta ló mú ohùn wá, ìpín ta ni mélòó. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà tiẹ̀ lọ sílé. Èkejì, kí ọmọdé má fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan tí lọ́yà ò tíì kà. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó tóbi díẹ̀ tí kò ní lọ́yà nínú, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta, tí àwo bá jáde tí orúkọ ọmọ yín ò sí níbẹ̀, ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná". Ẹ kọ̀wé lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní ti Merchant àti Santiago, wọ́n padà sórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bíi the Teenagers, wọ́n ń kọ orin wọn káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obìnrin kan, Pearl McKinnon, ló ń lé ipò Lymon fún wọn nígbà kan, torí kò sí ohùn àgbà ọkùnrin tó lè dé ibẹ̀. Owó tí wọ́n ń rí ni ti ẹni tó ń fi ẹnu kọrin, ní alẹ́ ọjọ́ tó bá kọ ọ́. Owó ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ń lọ síbòmíì.